Bí a ṣe ń tọ́ Riesling tí wọ́n pẹ́ ká wò: adùn lókè, kíkan nísàlẹ̀

Riesling ni wáìnì funfun tí wọ́n ń fi èso àjàrà tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ṣe; Spätlese sì túmọ̀ sí ìkórè tó pẹ́. Bí ènìyàn bá kọ́kọ́ gbé Riesling Spätlese láti àfonífojì odò Mosel ní Jámánì sẹ́nu, ohun tó máa sọ ni pé, "Ó dùn." Òótọ́ ni, ó dùn. Lítà kan rẹ̀ sábà máa ń ní ṣúgà gíráàmù 60 sí 90 nínú, bẹ́ẹ̀ Coca-Cola alára kò ju bíi 106 lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró síbi "ó dùn" kò tíì tọ́ ọ wò. Èso àjàrà ibikíbi tó bá pọ́n dáadáa ló máa dùn. Kíkan tó gbé adùn yẹn ró, tí kò jẹ́ kó di omi ṣúgà lẹ́nu, ni iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Mosel. Ohun tí a fẹ́ kọ́ níhìn-ín ni bí a ṣe ń wá kíkan náà rí, bí a ṣe ń yà á sọ́tọ̀ lára adùn, àti bí a ṣe ń fi méjèèjì ṣèdájọ́ ìgò tó wà níwájú wa.

Ohun tó wà nínú ìgò

Ẹ má fi ojú ẹmu wò ó. Ẹmu òwúrọ̀ dùn. Tó bá fi máa di alẹ́, ó ti kan, torí ìwúkàrà ti jẹ ṣúgà inú rẹ̀ di ọtí, àwọn kòkòrò àìfojúrí sì ti ń sọ ọ́ di kíkan. Bí adùn ẹmu ṣe ń lọ ni kíkan rẹ̀ ń bọ̀. Riesling kò rí bẹ́ẹ̀. Inú èso ni adùn àti kíkan ti jọ wá, kò sì sí èyí tó lé ìkejì jáde. Kíkan rẹ̀ kì í ṣe àmì ìbàjẹ́. Asíìdì tartaric àti malic tó ti wà lára èso látorí igi ni.

Ibi tí igi náà ń gbé ló jẹ́ kí méjèèjì lè pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mosel wà nítòsí ìlà 50 ní àríwá ayé; Èkó wà ní bíi ìlà 6. Oòrùn ibẹ̀ kò mú bíi tiwa, òru rẹ̀ sì tutù. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó kọjú sí oòrùn ni wọ́n gbin àjàrà sí, lórí òkúta sílétì tó ń gba ooru ọ̀sán pamọ́ dòru. Èso máa ń wà lórí igi títí Oṣù Kẹwàá, nígbà mìíràn títí wọ Oṣù Kọkànlá. Bó ṣe ń pẹ́ sí i ni ṣúgà rẹ̀ ń gòkè. Asíìdì ń wálẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n òtútù kì í jẹ́ kó wálẹ̀ kíákíá. Bí èso bá pẹ́ tó báyìí lórí igi ní ilẹ̀ olóoru, adùn nìkan ni yóò kù lára rẹ̀.

Lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí ìwúkàrà bá ti jẹ apá kan ṣúgà, ẹni tó ń ṣe wáìnì á mú kí omi náà tutù nini, á fi sulphur díẹ̀ sí i, á sì sẹ́ ẹ kí ìwúkàrà má baà rí i jẹ mọ́. Ìdí nìyí tí ọtí inú rẹ̀ fi kéré, ìdá 7.5 sí 9 péré nínú ọgọ́rùn-ún. Fructose ló pọ̀ jù nínú ṣúgà tó ṣẹ́ kù, torí glucose ni ìwúkàrà máa ń kọ́kọ́ jẹ, fructose sì dùn lẹ́nu ju glucose lọ. Asíìdì rẹ̀ máa ń tó gíráàmù 7 sí 9 nínú lítà kan, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọdún tí òtútù bá pọ̀.

Orúkọ Riesling ti wà nínú ìwé ìṣirò owó kan ní ìlú Rüsselsheim ní Jámánì láti ọdún 1435. Ti ìkórè tó pẹ́, oko àjàrà Schloss Johannisberg ní ẹkùn Rheingau ní Jámánì ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Wọ́n ní ní 1775, ìránṣẹ́ tó yẹ kó mú àṣẹ ìkórè wá láti ìlú Fulda pẹ́ lọ́nà, èso ti ń rà lórí igi kó tó dé, síbẹ̀ wáìnì ọdún náà dùn ju ti gbogbo ọdún tó ṣáájú lọ. Ère ìránṣẹ́ náà lórí ẹṣin wà nínú àgbàlá ibẹ̀ títí dòní.

Kíka ara ìgò kí owó tó jáde lápò

Àṣìṣe tó pọ̀ jù ni pé kí ènìyàn ra Spätlese tí kò dùn rárá, kó wá rò pé ẹnu òun ló ní àlébù. Ohun tí òfin wáìnì Jámánì ti 1971 ń wọ̀n ni bí omi èso ṣe pọ́n tó kó tó di ọtí. Kò sọ bí wáìnì ṣe dùn tó nínú ìgò. Òṣùwọ̀n wọn ń jẹ́ Oechsle: bí lítà kan omi èso bá wọn gíráàmù 1,080, ó jẹ́ Oechsle 80. Ní Mosel, Riesling kò gbọdọ̀ dín ní 76 kó tó lè jẹ́ Spätlese, tàbí 83 kó tó lè jẹ́ Auslese. Àwọn àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ máa ń kọjá iye yìí dáadáa. Ìpele pípọ́n ni àwọn orúkọ wọ̀nyí: Kabinett wà nísàlẹ̀ Spätlese; Beerenauslese àti Trockenbeerenauslese wà lókè Auslese. Eiswein (wáìnì yìnyín) dá dúró: èso rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti dì lórí igi, ní dígírì 7 nísàlẹ̀ òdo tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n tó ká a.

Tí ẹ bá rí "trocken" lẹ́gbẹ̀ẹ́ "Spätlese", ìwúkàrà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ṣúgà inú rẹ̀ tán. "Feinherb" wà láàárín méjì. Tí kò bá sí ọ̀rọ̀ kankan tó tọ́ka sí i, ẹ wo ìdá ọtí. Láti 7.5 sí 9, adùn ṣì wà nínú rẹ̀. Tó bá ti tó 12, kò dùn. Èyí ni àmì tí kì í tanni jẹ, torí ṣúgà tí ìwúkàrà kò bá sọ di ọtí ṣì wà níbẹ̀ ní ṣúgà.

Orúkọ gígùn tó wà níwájú ìgò kò le tó bó ṣe rí. Abúlé ló ń ṣáájú, oko ló ń tẹ̀ lé e. Nínú Wehlener Sonnenuhr, Wehlen ni abúlé. Sonnenuhr ni oko, ó túmọ̀ sí aago oòrùn, torí ọ̀kan ti wà láàárín oko náà láti 1842. Ürziger Würzgarten ni "ọgbà ohun atasánsán" tó wà ní Ürzig. Ẹni tó bá ń kọ́ ìtọ́wò, ká fún un ní Spätlese Mosel tó ti lo ọdún 3 sí 5. Auslese àti àwọn tó jù ú lọ dára, ṣùgbọ́n adùn wọn máa ń bo kíkan mọ́lẹ̀ fún ẹnu tí kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ìpalẹ̀mọ́

Ẹ wá gíláàsì méjì tí ikùn wọn fẹ̀, tí ẹnu wọn sì fún. Gíláàsì tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ikùn lọ máa ń jẹ́ kí òórùn fọ́n ká. Ẹ wá omi tí kò ní òórùn, búrẹ́dì tí kò dùn tí kò sì níyọ̀, ike tí ẹ máa tu wáìnì sí, ìwé funfun kan àti bírò. Kí ẹ má tọ́ ọ wò níbi tí wọ́n ti ń dín ata, kí ẹ má sì fín lọ́fínńdà.

Dígírì 8 sí 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló yẹ Spätlese. Auslese lè tó 12. Òtútù kì í jẹ́ kí òórùn jáde, ó ń tẹ adùn rì, kíkan á wá dà bíi pé ó ń gé ahọ́n. Tó bá gbóná ju 14 lọ, adùn á wá síwájú, á lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ìgò méjì ti wáìnì kan náà, ọ̀kan ní dígírì 5, ìkejì ní 16, lè jọ wáìnì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú fíríìjì, wákàtí 3 tó. Bí iná kò bá sí, ẹ da yìnyín àti omi pọ̀ sínú báàkẹ́ẹ̀tì, kí omi bo ìgò dé ọrùn, kí ẹ sì fi ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ kan sí i. Ìṣẹ́jú 20 sí 30 ló máa gbà. Yìnyín láìsí omi máa ń pẹ́, torí afẹ́fẹ́ wà láàárín yìnyín àti ìgò. Fíríìjì sábà máa ń wà ní bíi dígírì 4, nítorí náà ẹ gbé ìgò jáde ní ìṣẹ́jú 10 sí 15 ṣáájú. Níbi tí ooru bá pọ̀, mìlílítà 50 ni kí ẹ máa dà lẹ́ẹ̀kan, kí ìgò padà sínú omi tútù.

Ẹnu náà ní ìpalẹ̀mọ́ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó tó wákàtí kan lẹ́yìn tí ẹ bá fi ọṣẹ ìfọyín fọ ẹnu, torí ọṣẹ inú rẹ̀ máa ń pa adùn lẹ́nu. Orógbó, obì àti orín kíkorò náà máa ń pẹ́ lẹ́nu. Ẹ má jẹ súwíìtì tàbí bisikíìtì aládùn ṣáájú. Ahọ́n tí adùn ti kún yóò pe wáìnì tó dọ́gba ní kíkan. Agbáyun ni kí ẹ sá fún jù lọ, torí ó ń sọ kíkan di adùn fún bíi wákàtí kan. A máa padà sórí ọ̀rọ̀ agbáyun.

Kíkọ́ ẹnu pẹ̀lú ife mẹ́ta

Ẹ má fo èyí dá. Ìṣẹ́jú 10 ni, òun ló sì máa jẹ́ kí ohun tó kù yé yín. Ife kọ̀ọ̀kan máa jẹ́ mìlílítà 250.

Nínú ife kìíní, ẹ po ṣúgà gíráàmù 20 mọ́ omi, ìyẹn ṣíbí tíì 5 tí kò ga. Nínú ìkejì, ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ mìlílítà 40, ẹ wá fi omi lásán 210 kún un. Nínú ìkẹta, ẹ ṣe bíi ti ìkejì, kí ẹ sì po ṣúgà gíráàmù 20 mọ́ ọn. Asíìdì ọsàn wẹ́wẹ́ kì í ṣe irú ti àjàrà gan-an, ṣùgbọ́n ìwọ̀n kíkan àti ìwọ̀n adùn ti sún mọ́ ti Spätlese.

Ẹ mu ẹnu kan nínú ife kìíní, ẹ mú un sẹ́nu fún ìṣẹ́jú àáyá 5, ẹ tu ú dànù, kí ẹ ka ení títí dé ẹ̀wá. Adùn á dé lójú ẹsẹ̀. Itọ́ á ki, nǹkan á dà bíi pé ó ń bo ahọ́n. Ẹ fi omi ṣan ẹnu, kí ẹ wá lọ sí ife kejì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fà wọlé, eyín lè kan, itọ́ tó ṣàn bí omi á sì máa sun láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ lè ti rí àwòrán ahọ́n kan tó ní iwájú ló mọ adùn, ẹ̀gbẹ́ ló mọ kíkan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ahọ́n ló mọ gbogbo rẹ̀. Ohun tí ẹ ń gbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni itọ́ tó ń tú jáde, torí ihò ibi tí itọ́ ń gbà wá wà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, nítòsí àwọn eyín ẹ̀yìn òkè tí a fi ń lọ oúnjẹ.

Ife kẹta ni ẹ̀kọ́ gan-an. Ẹ̀rí ahọ́n á sọ pé kò kan tó ìkejì, kò sì dùn tó ìkíní, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n ṣúgà àti asíìdì kò yí padà. Ọ̀kan ń bo ìkejì lójú ahọ́n. Ṣùgbọ́n itọ́ kì í purọ́: ẹ tu ú dànù, ẹ tẹ orí síwájú díẹ̀, kí ẹ sì kíyè sí bí ẹnu ṣe ń ṣomi. Á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣomi tó ti ife kejì. Bí a ṣe ń mọ asíìdì nínú wáìnì aládùn nìyẹn. A kì í bi ahọ́n bóyá ó kan, itọ́ ni a ń wò. Ẹni tó bá ti jẹ agbálùmọ̀ tó pọ́n dáadáa mọ bó ṣe ń rí: adùn ló kọ́kọ́ dé, kó tó parí ẹnu ti kún fómi.

Wíwò

Ẹ da mìlílítà 50 sínú gíláàsì, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé funfun. Riesling tó ṣì kéré á mọ́ gaara, àwọ̀ rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí omi tí ewé tútù hàn nínú rẹ̀. Ní ọdún 8 sí 10 á pọ́n bí wúrà. Ní 20 wúrà náà á jinlẹ̀. Àwọ̀ omi tíì nínú ìgò ọdún 3 kì í ṣe àmì rere, afẹ́fẹ́ tàbí ooru ti wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá rí ohun wẹ́wẹ́ tó ń dán nísàlẹ̀ ìgò bí iyọ̀ tàbí gíláàsì fífọ́, iyọ̀ asíìdì tartaric ni, òtútù ló mú un dì. Kì í pani lára. Ẹ kàn rọra dà á.

Gbígbọ́ òórùn

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ láìyí gíláàsì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìsàlẹ̀ gíláàsì sórí tábìlì kí ẹ yí i po bíi ìgbà 5, kí ẹ tún gbọ́ ọ. Ẹ fà á símú ní kúkúrú kúkúrú, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ sì sinmi. Imú tó bá ń fà á láìdúró máa ń kú.

Ọsàn wẹ́wẹ́, ápù tútù àti òdòdó funfun ló sábà máa ń ṣáájú. Tẹ̀ lé wọn ni èso tó ní ẹran lára: píìsì (peach), ọ̀pẹ̀ òyìnbó, nígbà mìíràn máńgòrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n. Òórùn kan tún wà tí àwọn ará Mosel ń fi sí sílétì. Èyí tó jọ ọ́ jù lọ nílẹ̀ wa ni ti erùpẹ̀ àti òkúta gbígbóná tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kán sí. Òkúta kò yọ́ sínú wáìnì, àmọ́ òórùn náà wà níbẹ̀.

Kẹrosíìnì ló máa ń ba ẹ̀rù jù. Riesling tó ti dàgbà, pàápàá èyí tí oòrùn pọ̀ lára èso rẹ̀, máa ń rùn bí epo òyìnbó. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní TDN ló ń fà á, ó ń jáde díẹ̀díẹ̀ bí ìgò ṣe ń pẹ́. Kì í ṣe pé nǹkan dà sínú rẹ̀. Tó bá wà pẹ̀lú oyin, búrẹ́dì sísun àti èèpo ọsàn gbígbẹ, ẹwà àgbà ni. Tó bá jẹ́ òun nìkan ni ẹ ń gbọ́ nínú ìgò ọdún 2, tí òórùn èso kò sí, èmi kò ní ra ìkejì.

Tí ẹ bá gbọ́ oyin, atalẹ̀, èso apricot gbígbẹ àti èèpo ọsàn tí wọ́n sè pẹ̀lú ṣúgà, ó ṣeé ṣe kí olú Botrytis cinerea ti hù lára èso náà. Olú wínníwínní ni, bíi èyí tó ń mú búrẹ́dì bu. Ó ń dá ihò tín-ín-rín sára èèpo èso, omi inú rẹ̀ á fẹ́, ṣúgà àti asíìdì á ki pọ̀. Inú Auslese àti àwọn tó jù ú lọ ló ti wọ́pọ̀. Olú yìí fẹ́ ìkùukùu òwúrọ̀ àti oòrùn ọ̀sán. Bí òjò bá ń rọ̀ lójoojúmọ́, ìjẹrà lásán ló máa ń dà, òórùn rẹ̀ á sì dà bí aṣọ tí a ká tutù sínú àpótí.

Ẹnu

Ẹnu àkọ́kọ́, ẹ fi fọ ẹnu ni. Ẹ mu díẹ̀, ẹ yí i kiri, ẹ tu ú dànù, kí ẹ má sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìyípadà láti omi sí wáìnì máa ń ṣi ahọ́n lọ́nà, ọ̀pọ̀ ìdájọ́ tí kò tọ́ ló sì ti jáde látinú ẹnu àkọ́kọ́ yìí.

Ẹnu kejì, ẹ wá adùn. Ẹ mú bíi mìlílítà 10, kó tó ṣíbí tíì 2. Ẹ jẹ́ kó sinmi lórí ahọ́n fún ìṣẹ́jú àáyá 3 láìmì. Báwo ni adùn náà ṣe pọ̀ tó? Ṣé ó ki, ṣé ó ṣàn? Ẹ fi wé ife kìíní, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó máa bá a lọ.

Ẹnu kẹta, ẹ wá kíkan. Ẹ mú ìwọ̀n kan náà, ẹ la ètè díẹ̀ kí ẹ fa afẹ́fẹ́ wọlé lórí rẹ̀, ẹ yí i dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì àti àárín erìgì, kó pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá 8, kí ẹ tu ú dànù. Ẹ tẹ orí síwájú. Ẹ ka ení. Bí ẹnu bá ti ṣomi kí ẹ tó ka ẹ̀ta, asíìdì pọ̀. Bó bá di ẹ̀fà tàbí èje, ó wà níwọ̀n. Bí itọ́ bá ki, tó sì ń lẹ̀, tí omi kò wá, adùn ló jọba nínú ìgò náà.

Ẹ fara balẹ̀ mọ irú kíkan tó jẹ́. Èyí tó pọ́n máa ń gùn, ó máa ń gba ojú ọ̀nà kan láti iwájú ahọ́n dé ọ̀fun, bí ọsàn wẹ́wẹ́ tó ti ń pọ́n. Èyí tí kò pọ́n máa ń gún ojú kan, á dà bí ápù àìpọ́n, eyín á sì kan. Ọdún olótùútù tàbí ìkánjú ìkórè ló ń fà á. Ìwọ̀n asíìdì méjèèjì lè dọ́gba lórí ìwé, ẹnu ló máa yà wọ́n.

Ẹnu kẹrin ni ti àárín àti ìparí. Ẹ lè gbé e mì. Ohun tí ẹ ń wá ni èyí tó kù lẹ́yìn tí adùn bá ti lọ. Nínú Spätlese tó dára, adùn á kọ́kọ́ kúrò, kíkan á gbá ẹnu mọ́, lẹ́yìn náà ni òórùn èso á tún padà gba ẹ̀yìn imú jáde, ẹnu á sì fẹ́ mìíràn. Bí òórùn náà bá wà fún ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30, ó dára; bó bá kọjá 45, ẹ tọ́jú ìgò yòókù. Bí ohun tó gbẹ̀yìn lẹ́nu bá jẹ́ ṣúgà, tí ẹ ń wá omi láti fi ṣan ọ̀fun, ìgò náà kò dọ́gba, ohunkóhun tí wọ́n ì báà kọ sára rẹ̀.

Ẹ wá fi gíláàsì náà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, kó gbóná dé bíi dígírì 13, kí ẹ tún un tọ́ wò. Ìdánwò tó le nìyí. Wáìnì tí òtútù ń bo àṣírí rẹ̀ yóò wúwo nísinsìnyí, èyí tí kíkan gbé ró yóò ṣì dúró ṣinṣin. Àkọsílẹ̀ yín kò gbọ́dọ̀ gùn. Àpẹẹrẹ kan: "Spätlese Mosel, ọdún 4, ìdá ọtí 8. Àwọ̀ ewé tútù. Ọsàn wẹ́wẹ́, píìsì, òkúta tí òjò pa. Adùn bíi ife kìíní, ó ṣàn. Omi ẹnu ní ẹ̀ta. Kíkan gígùn, ó pọ́n. Òórùn wà fún 30. Ní dígírì 13, kò wúwo."

Agbáyun, lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí

Ní báyìí tí ẹ ti kọ ìdájọ́ sílẹ̀, ẹ fi wáìnì díẹ̀ pamọ́ sínú gíláàsì. Ẹ la agbáyun kan, ẹ fi ẹran rẹ̀ ra gbogbo ahọ́n fún ìṣẹ́jú 2 tàbí 3, ẹ tu kóró rẹ̀ dànù, kí ẹ wá mu wáìnì náà. Kíkan á ti di adùn. Ohun tó ń mọ́ tó ń tàn lẹ́nu á di omi ṣúgà olóòórùn èso, á ki, á súni. Kò sí ìwé tó lè fi ohun tí asíìdì ń ṣe nínú Riesling hàn yín kíákíá tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má tún tọ́ ìgò mìíràn wò lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tó máa ń bàjẹ́

Bí gíláàsì bá ń rùn bí páálí tí òjò pa, kọ́ọ̀kì ló kó bá a. Èròjà kan tó ń jẹ́ TCA ni. Kò ní lọ bó ti wù kí ẹ yí i pẹ́ tó. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Bó bá ń rùn bí ìṣáná tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá, sulphur ni, ó wọ́pọ̀ nínú ìgò tuntun. Ẹ yí i dáadáa, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 15, yóò lọ.

Ìgò tó ti jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù nínú oòrùn máa ń fi ara rẹ̀ hàn: kọ́ọ̀kì á ti yọ sókè díẹ̀, omi lè ti jò sí ọrùn ìgò, òórùn á dà bí èso tí wọ́n sè jù. Ẹ bi ẹni tó ń tajà ibi tó ń kó wáìnì sí kí ẹ tó sanwó. Òórùn ápù tí a gé sílẹ̀ tó ti dúdú, afẹ́fẹ́ ló wọlé. Òórùn asetóònù tí wọ́n fi ń pa kùtẹ́ẹ̀sì rẹ́, díẹ̀ rẹ̀ kò burú nínú Trockenbeerenauslese, àmọ́ kò yẹ kó sí nínú Spätlese.

Ìhó tín-ín-rín tó ń ta ahọ́n nínú wáìnì ọdún 1 tàbí 2 kì í ṣe ẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bó bá ń hó gan-an, tí omi rẹ̀ sì dàrú, ìwúkàrà ti jí sínú ìgò, ó sì ń jẹ ṣúgà tó yẹ kó jẹ́ tiyín.

Ohun tí a lè fi jẹ ẹ́

Oúnjẹ tó dùn ju wáìnì lọ ń bà á jẹ́. Kéèkì olóṣùúgà tó pọ̀ á sọ Spätlese di kíkan lásán. Wàràkàṣì oníyọ̀ tó ní iṣan búlúù dára pẹ̀lú Auslese, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tàbí pẹ́pẹ́yẹ dára pẹ̀lú Spätlese. Oúnjẹ ata ni ibi tí wáìnì yìí ti wúlò jù fún wa. Ọtí líle máa ń ru ata sókè, ṣùgbọ́n ìdá 8 kò tó bẹ́ẹ̀, adùn rẹ̀ ń pa iná ata, kíkan rẹ̀ sì ń gé ọ̀rá. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú súyà tàbí ayamáṣe, kí wáìnì wà ní dígírì 8.

Èyí tó bá kù, ẹ dé e padà, kí ẹ gbé e sí fíríìjì ní ìdúró. Ṣúgà àti asíìdì jọ ń dáàbò bò ó, nítorí náà yóò ṣì dára fún bíi ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ tọ́ ọ wò ní ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹrin, kí ẹ kọ ohun tó yàtọ̀ sábẹ́ àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́. Nínú ìgò tó ṣì kéré, ọjọ́ kejì ni èso máa ń yọ jù.